Òfì Tí Wọn Kò Fún Mi

Mo ń ṣe ìlara àbúrò mi. Mo yára sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Kò sì sí ohun tí mo fẹ́ fi bò ó mọ́, nítorí mo ti sọ ọ́ níwájú adájọ́, adájọ́ sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní Kábbà ń sọ pé ọjọ́ tí mo lọ jẹ́rìí fún un ni ìlara náà kúrò lára mi. Àwọn wọ̀nyẹn ò mọ̀ mí. Ó ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi ni àkọ́bí. Ọdún gorí ọdún kí ó tó tún lóyún, àwọn ẹbí bàbá wa sì ti ń wá ìyàwó kékeré kiri fún un. Nígbà tí ó wá bí, ọkùnrin ni agbẹ̀bí pe ọmọ náà, ilé wa sì kún fún ijó. Èmi tí mo ti wà nílé láti ọjọ́ yìí, ẹ má bi mí bóyá ẹnikẹ́ni rántí láti fún mi lóúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń jó fún yìí, bí ó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ báyìí ni ó ti ń sọ pé òun kì í ṣe ọkùnrin. Wọ́n bú u, wọ́n nà án, pásítọ̀ gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, kò yí padà. Kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti ń di irun, ó ń ró ìró, ó sì ti fún ara rẹ̀ ní orúkọ obìnrin. Bàbá wa ti kú nígbà náà. Ìyá wa wò ó, wò ó, ó ní, "Ọmọ ni mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èyí tí ó fún mi nìyí." Láti ọjọ́ náà, orúkọ tuntun yẹn ni ó ń pè é, kò sì ṣì í pè rí.

Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn pé obìnrin ni mí, tí mi ò da ilé rú, tí mi ò da ọjà rú, mi ò rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gbà lẹ́nu ìyá mi rí.

Òfì ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ọmọ Òkè-Bùkún ni ìyá wa, ní ilẹ̀ Bùnù, níbi tí ó jẹ́ pé obìnrin ló ń hun aṣọ. Òfì wọn kì í ṣe irú èyí tí ọkùnrin ń na òwú rẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ ní ìta. Ìdúró ni tiwọn, wọ́n ń gbé e ti ògiri, obìnrin a sì jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni jókòó síwájú dígí. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ni wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn fún aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àgbà pàtàkì. Ní ìdílé rẹ̀, òfì kì í ṣe ohun tí a ń pín bí ìkòkò. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni í jogún rẹ̀. Nígbà tí ojú ìyá kò bá rí òwú mọ́, yóò pe àwọn obìnrin ilé jọ, yóò mú ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jókòó síwájú òfì, yóò sì fi apàsà lé e lọ́wọ́, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń na òwú kí ó le mọ́ra. Èèwọ̀ kan sì wà nídìí rẹ̀: ọkùnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òfì nígbà tí òwú bá wà lórí rẹ̀. Bàbá wa pàápàá, tí kò bẹ̀rù ejò, ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì ni í gbà tí ó bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé.

Èmi ni ó yẹ kí ó fi apàsà náà lé lọ́wọ́. Mo ti ń hun aṣọ kí wọ́n tó bí àbúrò mi. Ṣùgbọ́n Makutu ni mo wà, nílé ọkọ, nígbà tí ojú ìyá wa ṣókùnkùn.

Àgbẹ̀ ni ọkọ mi. Iṣu rẹ̀ ń ta, kaṣú rẹ̀ ń so, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí ìyàwó nínà. Bí ó bá ti nà mí tẹ́rùn, n ó wọ mọ́tò wá sí Kábbà. Ìyá mi yóò gún iyán fún mi, yóò fi omi gbígbóná tẹ̀ mí lẹ́yìn, ilẹ̀ yóò mọ́, yóò sì sìn mí padà sí gáréèjì. "Ilé ọkọ ni ilé," ni yóò wí. "Mú sùúrù." Àbúrò mi, tí ó ṣì kéré nígbà náà, a máa wá lo ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ mi ní Makutu. Ó wà nílé, lábẹ́ tábìlì, ní ọjọ́ tí ọkọ mi gbá mi ní ọmọ odó ní ọrùn ọwọ́ òsì. Egungun náà jinná, ṣùgbọ́n wíwọ́ ni ó jinná. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé apàsà pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Nígbà tí mo wá fi Makutu sílẹ̀ pátápátá, tí mo gbé àpótí mi padà sílé, àbúrò mi ni mo bá níwájú òfì. Ìyá wa ti fi apàsà lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo obìnrin ilé. Wọ́n ní kò sí ẹni tó jiyàn. Èmi ni mo jiyàn. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Ìyá wa gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìwọ kò sí nílé." Ta ló rán mi lọ? Ta ló ń dá mi padà? Mo bi í, ó ní kí n gbé àpótí mi wọlé.

Ohun tó wá burú jù ni pé àbúrò mi mọ iṣẹ́ náà. Aṣọ rẹ̀ le bí awọ, etí rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Mo máa ń lọ fọwọ́ pa á nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bóyá n ó rí ibi tí òwú ti rọ̀. Mi ò rí.

Ọkọ mi náà kò sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bí ọjà Kábbà bá pé, á gun ọ̀kadà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń ta ọṣẹ àti súgà, á fà mí ní ọwọ́ tó wọ́ náà, á máa kígbe pé ìyàwó òun ni. Àwọn èèyàn á dúró wò ó. Tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n á ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ara wọn. Bí mo bá délé, ìyá mi á ní kí n mú sùúrù. Mo ti mú sùúrù títí, ó yẹ kí ó ti wọ́n lọ́jà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni wọ́n wá mú àbúrò mi. Mo jókòó lẹ́yìnkùlé, mò ń ṣa ẹ̀wà. Òun wà nídìí òfì, ó ń hun aṣọ ìpò fún òkú àgbà kan ní ilẹ̀ Bùnù. Ìyá wa sùn lórí ẹní. Àwọn géńdé tí ń ṣe fijilántè àdúgbò wa wọlé láìkàgò, kòbókò lọ́wọ́ wọn, àdá lọ́wọ́ ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọkùnrin kan ń múra bí obìnrin, ó sì ń fọwọ́ kan òfì obìnrin, àwọn wá fọ ìlú mọ́. Mo mọ ìyá tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n fi irun fa àbúrò mi kúrò lórí àpótí, wọ́n nà án, wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé irun náà dànù, ọ̀kan sì ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí òfì. Wọ́n fi àdá gé òwú pupa náà, wọ́n wó igi rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ dá apàsà sí méjì. Mo da gbogbo ẹ̀wà mi lù wọ́n pẹ̀lú atẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀wà kì í ṣe ohun ìjà, ṣùgbọ́n òun ló wà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n wọ́ ọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀yin náà á rò pé àwọn tó na èèyàn ni wọ́n máa tì mọ́lé. Àbúrò mi ni wọ́n tì mọ́lé. Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì ní òfin wà fún irú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ó ṣe. Ó ní kí n wo aṣọ tó wọ̀.

Ìyá wa, tí kì í jáde kọjá ilé ìsìn mọ́, ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Yàndókà ló ṣì ń pè wọ́n, orúkọ tí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ń jẹ́ nígbà tí Kàdúná ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Ó tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ náà, ó jókòó, ó ní òun kò ní dìde láìgbọ́ ohùn ọmọ òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Wọ́n jágbe mọ́ ọn, kò dìde. Oòrùn ń pa á. Mo dúró tì í, mo ṣí agboòrùn lé e lórí. Obìnrin yìí kan náà kò wọ mọ́tò wá sí Makutu rí láti bèèrè ẹni tó ṣẹ́ mi lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò kan ti bá wa ní ọjọ́ kejì. Ọmọ Ìyàgbà ni, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi sin bàbá rẹ̀, ìyá wa ló hun ún, nítorí náà, bí ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni ó ti wá. "Okun o, Ìyé," ni ó kí ìyá wa, bí a ti ń kí ìyá ní agbègbè wa, ó kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀. Ó wọlé. Mo tẹ̀lé e. Ó bi wọ́n pé ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kan oníbàárà òun. Wọ́n ní òfin kò gbà kí ọkùnrin múra bí obìnrin. Ó ní kí wọ́n ka òfin náà sí òun létí, kí wọ́n sì kà á dé òpin. Wọ́n wá ìwé náà, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Níta gbangba ni òfin náà wí.

"Ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ha ni gbangba?" ó bi wọ́n.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi ti jáde. Orí rẹ̀ rí págunpàgun, ojú rẹ̀ wú, ìyá wa sì ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun.

Nígbà tí a délé, agbẹjọ́rò ní òun kò ní tàn wá. "Òfin orílẹ̀-èdè yìí kò ṣàánú irú yín," ó wí fún àbúrò mi. "Bí mo bá lọ sí kóòtù lọ ṣàlàyé irú ẹni tí ẹ jẹ́, a ó pàdánù. Ohun tí wọ́n ṣe sí yín ni n ó lọ sọ. Ìwé òfin àgbà ní a kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ̀dá èèyàn, a kò sì gbọdọ̀ tì í mọ́lé láìnídìí. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. N kò ní bẹ adájọ́ pé kí ó fẹ́ràn yín. N ó ní kí ó ká wọn lọ́wọ́ kò."

Àbúrò mi gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Àwọn géńdé náà ti búra pé àwọn ń padà bọ̀. Bí kóòtù kò bá dá wọn dúró, ó ní òun máa kúrò ní Kábbà, bóyá sí Ìlọrin, bóyá sí ibi tí a kò ní gbúròó òun mọ́. Ìyá wa ní bí ó bá lọ, kí n má wulẹ̀ dáná fún òun mọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo wa ń kọjá lára rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Nígbà mìíràn tí mo bá ń gbá ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń rò ó pé bí ó bá lọ, iwájú òfì tí wọ́n bá tún kàn yóò ṣófo, ìyá wa yóò sì wá ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀. Èrò náà dùn. Mi ò ní purọ́.

Agbẹjọ́rò gbé àwọn fijilántè àti ọlọ́pàá lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ sì wá já lé mi lọ́wọ́. Àwọn fijilántè ti búra sínú ìwé pé ìkìlọ̀ ni àwọn lọ ṣe, láti dáàbò bo àṣà, pé àbúrò mi ló ń jà, òfì sì wó nínú ìjàkadì. Àwa náà ti búra sínú tiwa. Ìwé méjèèjì takora, adájọ́ sì ní òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó rí i. Ìyá wa kò ríran. Fídíò tí wọ́n yà, wọ́n ti pa á rẹ́. Ojú mi nìkan ló kù.

Àwọn ìyá àwọn géńdé náà wá bẹ̀ mí ní ṣọ́ọ̀bù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, wọ́n ní. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Bùnù bíi ìyá mi, mọ ibi tó ń dùn mí. Ó dúró lẹ́yìn àwọn yòókù, ó ní, "Ìwọ ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ìwọ ni òfì tọ́ sí. Kí lo fẹ́ lọ jẹ́rìí fún?" Mo ta ọṣẹ tó wá rà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ òótọ́ yẹn láti ọjọ́ tí mo ti padà sílé.

Kóòtù kún lọ́jọ́ náà. Agbẹjọ́rò wọn jẹ́ àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé òótọ́ ni pé ní ìdílé ìyá yín, ọmọbìnrin ló ń jogún òfì?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ̀yin sì ni àkọ́bí rẹ̀."

"Èmi ni."

"Ṣé wọ́n fún yín?"

"Wọn kò fún mi."

"Ṣé ó dùn yín?"

Agbẹjọ́rò wa dìde láti takò ó, ṣùgbọ́n mo ti dáhùn kí ó tó nàró tán. "Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí títí di òwúrọ̀ yìí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́.

"Ẹ ń ṣe ìlara àbúrò yín, nígbà náà?"

"Gan-an ni."

Ọkùnrin náà yíjú sí adájọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún yíjú sí mi. "Nítorí pé wọ́n gbé ohun tó jẹ́ ti obìnrin fún ọkùnrin. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo wo àbúrò mi. Ó fi gèlè bo orí tí wọ́n gé, ó sì ti tẹ orí náà ba, bí ẹni tó mọ ohun tí n ó sọ. Ó dùn mí pé ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti ní "Bẹ́ẹ̀ ni," ẹjọ́ ti parí, báàgì yóò jáde kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo Kábbà yóò sì gbọ́ pé èmi ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Mo ti wá inú mi títí, mi ò rí i níbẹ̀.

"Rárá," mo ní. "Nítorí pé èmi ni mo fẹ́ òfì náà. Bí ìyá mi bá tilẹ̀ bí obìnrin mẹ́wàá, ẹni tó bá gbà á nínú wọn ni n ì bá máa bínú sí."

Ohùn rẹ̀ kò tutù mọ́. "Màmá, ṣé kì í ṣe èèwọ̀ kí ọkùnrin fọwọ́ kan òfì tí òwú wà lórí rẹ̀?"

"Èèwọ̀ ni."

"Ta wá ni ọkùnrin tó fọwọ́ kàn án?"

Mo na ọwọ́ sí ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ jókòó sí. "Àwọn wọ̀nyẹn. Òwú wà lórí rẹ̀. Eléyìí ló fi àdá gé e, tọ̀hún ló fi ẹsẹ̀ dá apàsà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òfì yẹn wá láti Òkè-Bùkún, kò sí ọkùnrin tó fọwọ́ kàn án rí, àfi àwọn."

"Mo ní àbúrò yín ńkọ́?"

"Ìyá mi fi lé e lọ́wọ́ lójú àwọn obìnrin ilé. Èmi nìkan ni mo kọ̀, mo sì ti sọ ìdí tí mo fi kọ̀."

Ó jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ tí obìnrin Bùnù tó wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ ló di àdá mú. Kò tíì rò ó dé ibẹ̀ rí. Wọ́n wá gba èèwọ̀ sílẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n jẹ ẹ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kí adájọ́ tó dájọ́ rárá ni òun àti àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ ti gbé obì àti adìyẹ wá bẹ ìyá wa nípa òfì tí ọkùnrin fọwọ́ kàn. Ìyá wa gba obì náà. Ó ní adìyẹ tinrín jù.

Nígbà tí adájọ́ máa dájọ́, ó ní òun gba ẹ̀rí mi gbọ́ nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ purọ́ gbe àbúrò rẹ̀ kò ní kọ́kọ́ jẹ́wọ́ irú ìlara bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn tó nà án àti àwọn tó tì í mọ́lé ti rú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe òfì mìíràn fún un. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àbúrò mi, wọn kò sì gbọdọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Àbúrò mi bọ́ síta, ó dì mọ́ mi. Mo jẹ́ kí ó dì mọ́ mi. Ara mi kò yá sí i púpọ̀, ṣùgbọ́n mo dúró.

Agbẹjọ́rò ló mú ìwé ìdájọ́ náà wá sílé fún wa, òǹtẹ̀ kóòtù lára rẹ̀. Káfíńtà ti gbé òfì tuntun dé, igi rẹ̀ ṣì ń rùn. Kò sí báàgì lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. A jókòó yí tábìlì ká, àbúrò mi ń kà á sókè, ìyá wa sì ń fi ìka wá ibi tí òǹtẹ̀ wà. Nígbà tí ó ka ibi tí wọ́n ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìyá wa ní, "Tún un kà." Ó tún un kà. Ìyá wa ní, "Tún un kà fún mi."

Ìlara náà gbéra nínú mi. Ó ju ti òfì lọ. Mo jókòó níbẹ̀, ọwọ́ wíwọ́ mi lórí itan mi, mò ń gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àbúrò mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi rí, adájọ́ kò sọ ọ́, pásítọ̀ kò sọ ọ́, ìyá mi kò sọ ọ́. Ọjà Kábbà yóò sì pé ní ọjọ́ kejì.

"Èmi náà fẹ́ tèmi," mo ní.

Ìyá wa mí kanlẹ̀. "O tún ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òfì yìí."

"Kì í ṣe òfì. Ìwé yẹn ni mo fẹ́. Kí adájọ́ kọ orúkọ mi sí i. Kí ó kọ orúkọ ọkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí mọ́."

Agbẹjọ́rò wo ọwọ́ mi, mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó wò ó dáadáa. Ó ní òfin wà fún èyí náà ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ó sì rọrùn ju ti àbúrò mi lọ púpọ̀. Inú tún bí mi pé ó rọrùn. Ó yọ báírò. "Ṣé ẹ ní ẹlẹ́rìí?"

"Ta ló fẹ́ jẹ́rìí fún mi? Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."

"Ó ní èmi," ni àbúrò mi wí. Ó gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ tèmi. "Abẹ́ tábìlì ni mo wà. Iyán ṣì wà lẹ́nu ọmọ odó náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò ké, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má jáde."

Mi ò mọ̀ pé ó rántí. Mi ò mọ̀ pé ó rí ojú tí mo ṣẹ́ sí i.

"Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ràn rẹ̀," ni agbẹjọ́rò wí.

"N ó ní ọ̀tá mi ni," ni àbúrò mi dáhùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ìyá wa kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ọwọ́ kúrò lórí òǹtẹ̀, ó ń fi ọwọ́ náà wá mi lórí tábìlì. Ó bá ọrùn ọwọ́ mi pàdé, ó fi ìka tẹ ibi tí egungun ti wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀, bí ó ti máa ń fi ìka wá ibi tí òwú ti já.

"Ẹ kọ tèmi náà sí i," ó wí fún agbẹjọ́rò. "Ẹ kọ ọ́ pé ó ń sá wá bá mi, èmi ni mo ń sìn ín padà sí gáréèjì."

Agbẹjọ́rò gbé báírò dúró, ó wò mí, ó ń dúró kí n sọ bóyá kí òun kọ ọ́.

Mo ní kí ó kọ ọ́.